Ohun Tí Wọ́n Ní Kí Ìyá Mi Gbé Lélẹ̀

Wọ́n gba oògùn ìyá mi lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n ní kó jó, ó sì jó.

Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí àwọn tó ṣe é ti ń sọ ọ́ báyìí bíi pé òjò kan ló rọ̀ tó gbé ẹnìkan lọ. Òjò kọ́. Ènìyàn ni. Ìwé òfin ni mo kà ní yunifásítì ní Cocody, ní Abidjan níbí, ohun tí wọ́n sì kọ́ mi níbẹ̀ ni pé kí ènìyàn tó bínú, kó kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo ti bínú tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wá tò ó.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí owó sẹ́fà já sí ìdajì ni. Williamsville là ń gbé, nínú agbo ilé kan tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé nílé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà ni. Ìyá mi ń ta àwo tánganran lọ́jà Adjamé, débi pé Ìyá Aláwo ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan Olùṣọ́ ìjọ wa. Ó lè bá oníbàárà jà ní èdè Júlà tí wọ́n fi ń nájà níbẹ̀, kó bú u, kó pa á lẹ́rìn-ín, kó sì ta àwo méjì fún un dípò ọ̀kan. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, gbọ́ Yorùbá délẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dáhùn. Ìyá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Èmi àti òyìnbó mi,” á wí bẹ́ẹ̀.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí èrò kan dé láti Èjìgbò ìlú wa, tó wá sọ fún ìyá mi pé ìyá rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ti sin ín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sunkún. Àwo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń nù. Ó ní, “Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ jókòó,” ó bu omi fún èrò náà, ó sì ń nu àwo yẹn lọ. Nígbà tí mo ti yunifásítì dé nírọ̀lẹ́, àwo kan náà ló ṣì ń nù.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ lọ. Oorun tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjà: á múra, á dé ẹnu ọ̀nà, á sì padà wá jókòó, á kọjú sí ògiri. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wò níbẹ̀.

“Kò sí nǹkan níbẹ̀,” ó dáhùn. “Ìdí tí mo fi ń wò ó nìyẹn.”

Olùṣọ́ wá sílé, ó fi òróró sí i lórí, ó ní ẹ̀mí ìbànújẹ́ ni. Èmi ò bú àdúrà. Mo ṣì ń gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ lójúmọ́ fún odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni Olùṣọ́ ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, obìnrin méjìlá nínú ìjọ sì bá a gbà á. Èmi ni mo ka ṣíbí náà, èmi ni mo ka ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ karùn-ún ààwẹ̀, ó ṣubú sídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin agbo ilé ló gbé e wọlé. Olùṣọ́ ní ẹ̀mí náà ló ń jà kó tó jáde.

Ní ọjọ́ kejì mo mú un wọ ọkọ̀ lọ sí Bingerville, sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Mi ò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ bàbá mi. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú ni dókítà náà. Faransé ló ń sọ, mo sì ń túmọ̀.

“Wọ́n ní ṣé ẹ ń sùn.”

“Sọ fún un pé mo ti gbàdúrà.”

“Oorun ni wọ́n béèrè, Màámi.”

“Àdúrà ni mo fi dá a lóhùn.”

Dókítà rí i pé mo dákẹ́, ó ní kí n sọ ohun tó wí gẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ń lọ síbi ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kí n sọ fún ìyá mi pé kò sí ẹni tó ní kó má gbàdúrà mọ́. Oògùn nìkan ni kò gbọ́dọ̀ dá dúró àfi bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀mejì: bí ara bá tilẹ̀ yá, bó bá tilẹ̀ ń kọrin kiri ilé, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fún aláìsàn, èyí tí gbogbo Abidjan ń pè ní kanẹ́. Fọ́tò ìyá mi wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àìsàn tó ń ṣe é, oògùn tó ń lò.

Bàbá mi bá mi bínú fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi tí ìyá mi fi ń gbé oògùn mì.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. “Ta ló se ọbẹ̀ yìí? Àbí iyọ̀ ti tán ní Abidjan ni?”

“C’est moi, Maman,” àbúrò mi dáhùn pé òun ni.

“Mo mọ̀. Òyìnbó kì í jẹ iyọ̀.”

A rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, èmi àti àbúrò mi, a di ara wa mú, àbúrò mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láàárín ẹ̀rín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi padà sọ́jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ní ìjọ wa, àṣà kan wà tí à ń pè ní Ìgbélélẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run bá wò sàn kì í kàn dìde jẹ́rìí níbi tó jókòó sí. Yóò gbé ohun tó ń lò nítorí àìsàn náà wá síwájú pẹpẹ. Ẹni tó ń tiro á gbé ọ̀pá rẹ̀, ẹni tí ojú ń dùn á gbé awò ojú. Wọn á tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, á gbé e lé e, á jó yí i ká lẹ́ẹ̀meje, ìjọ á sì máa kọrin. Ohun tí a bá gbé lélẹ̀, a kì í gbé e padà. Olùṣọ́ á dì í, á tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan irú rẹ̀ ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ nìyẹn. Inú àṣà yìí ni mo dàgbà sí. Mo ti pàtẹ́wọ́ fún un láìmọye ìgbà. Mo rántí bàbá arúgbó kan tó gbé awò ojú rẹ̀ lélẹ̀, tó sì já sí gọ́tà nígbà tó ń lọ sílé. Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ní ká má rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó lọ gba awò rẹ̀ wá fún un.

Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin ìjọ, wá kí ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìkórè. Ó gbé ọsàn wá.

“Ìyá Aláwo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti padà sípò o.”

“A dúpẹ́, Ìyá Ẹgbẹ́.”

“Ọpẹ́ inú yàrá kọ́ ni Ọlọ́run ń fẹ́. Ìkórè ti dé tán.”

“Mo ṣì ń lo oògùn, mà.”

“Ṣé oògùn ló wò yín ni, àbí ààwẹ̀ tí a gbà?”

“Méjèèjì ni, lójú tèmi.”

Ìyá Ẹgbẹ́ ń bó ọsàn lọ, kò gbójú sókè. “Ọmọ kan kì í ní bàbá méjì. Ìwòsàn yìí, ta ni bàbá rẹ̀?”

Mo rí i tí ojú ìyá mi lọ sára ògiri, tó dúró síbẹ̀ díẹ̀, tó sì padà.

Mo mú kanẹ́ náà, mo lọ bá Olùṣọ́. Mo ka ohun tí dókítà kọ sí i létí, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi dópin, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìyá mi ò lè jẹ́rìí kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn lọ?”

“Ẹ̀rí ààbọ̀ ò sí, ọmọ yunifásítì. Obìnrin méjìlá ló fi ebi pa ara wọn nítorí ìyá rẹ. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé ilé oògùn ló ni ìyìn?”

Nílé, bàbá mi ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé aya alàgbà kọ̀ láti dúpẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́. Ìyá mi ló pa wá lẹ́nu mọ́. “Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì. Màá gbé e lélẹ̀. Obìnrin méjìlá, ọmọ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wo ojú wọn lọ́jọ́ ìsinmi?”

Lọ́jọ́ ìkórè, èmi ni ògbufọ̀. Nítorí àwọn ọmọ ìjọ tí kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo máa ń túmọ̀ sí Faransé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara mi ti yá.” Mo túmọ̀ rẹ̀. Ohùn mi kò gbọ̀n. Bí mo ti ń to ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn yìí, mo to tèmi mọ́ ọn. Ó gbé páálí oògùn méjèèjì lé aṣọ funfun náà. Olùṣọ́ wo kanẹ́ tó kù lọ́wọ́ ìyá mi, ó kàn ń wò ó. Ìyá mi gbé ìyẹn náà lélẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ní ìyípo karùn-ún, ó wo ojú mi, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan. Wọn ò pè é ní Ìyá Aláwo mọ́, Ìyá Ẹlẹ́rìí ni. Wọ́n ń mú un láti ẹ̀ka ìjọ kan dé èkejì kó máa tún ẹ̀rí náà sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, oorun sì lọ. Àbúrò mi tó ń bá a sùn ní yàrá kan náà sọ fún mi níkọ̀kọ̀ pé, “Elle ne dort plus, kò sùn mọ́. Ó kàn ń mí bí ẹni tó sùn.” Nítorí tiwa ló ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ń fi oorun tan wá jẹ kí ẹ̀rí rẹ̀ má bàa bàjẹ́.

Mo ra irú oògùn náà, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà jẹ́jẹ́.

“Mo ti jó, ọmọ mi.”

“Ọlọ́run ò ní kí ẹ ṣàìsàn nítorí ijó, Màámi.”

“Ọlọ́run ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Mo bẹ bàbá mi. Ó lọ bá Olùṣọ́, ó sì mú ìdáhùn bọ̀: ìdánwò ni, kó máa rẹ́rìn-ín, kó má jẹ́ kí àwọn aláìgbàgbọ́ rí i. Bàbá mi sọ gbólóhùn yẹn fún mi láì wo ojú mi. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Á ti ilé ìdáná rẹ́rìn-ín bọ̀, á jókòó, á rẹ́rìn-ín sí àwo oúnjẹ rẹ̀, á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọmọdé agbo ilé kò wá sẹ́nu ọ̀nà wa mọ́.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọjà rẹ̀. Àwo ńlá fún obìnrin yàrá kejì, abọ́ mẹ́fà fún Ìyá Ẹgbẹ́, fúláàsì méjì fún ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ rí. Wọ́n yìn ín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọwọ́ rẹ̀ ti là láti ìgbà tí Olúwa ti wò ó sàn. Èmi bi í léèrè ìdí. Ó ní àwo náà ti pọ̀ jù fún òun láti máa nù. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé kíláàsì mi lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni, òjò ń ṣú. Àwọn obìnrin ìjọ fẹ́ ṣe ìpàdé àdúrà ní ẹ̀ka Niangon, wọ́n sì ní kí Ìyá Ẹlẹ́rìí wá. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó di Bíbélì mú. Ó sọ fún àbúrò mi pé, “Ẹ má gbé oúnjẹ pamọ́ dè mí.” Ó jáde kí aago mẹ́jọ tó lù. A kò rí i mọ́.

Bàbá mi wá a dé Niangon lọ́jọ́ kejì. Ìyá Ẹgbẹ́ sọ fún un pé ìyá mi kò dé ìpàdé. Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan náà, bí ẹni ka sáàmù: “A ò rí i lọ́jọ́ náà.” Èmi àti bàbá mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá náà kò burú. Ó ní bí àgbàlagbà bá fẹ́ rìn, ó ní ẹ̀tọ́ láti rìn. Bóyá ó ti lọ sílùú wa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aláìsàn, kí a mú ìwé wá, ìwé yẹn ni òun máa fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwòsàn àti sáwọn tó ń ṣọ́ etí ọ̀sà.

Ìwé ọ̀hún wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ.

“Kanẹ́ nìkan, sà,” mo wí fún Olùṣọ́. Mo kúnlẹ̀ sí i, kí n má fi ìyẹn pamọ́. “Ẹ jẹ́ kí oògùn wà níbẹ̀.”

“Ohun tí a ti gbé lélẹ̀, a kì í gbé e padà.”

“Ìyá mi ló sọnù.”

“Ẹlẹ́rìí kì í sọnù. Tí o bá gbé ìwé àìsàn lọ fún ọlọ́pàá, o ti sọ pé kò sàn nìyẹn. Lọ gbàdúrà. Má sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ìjọ lọ́jọ́ Àìkú.”

Bàbá mi dúró lẹ́yìn mi. Òun ni alàgbà tí kọ́kọ́rọ́ kejì yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé wa, nínú àpò sòkòtò rẹ̀. Kò yọ ọ́.

Mo sá lọ sí Bingerville. Dókítà wa ti lọ fún ìsinmi, ẹni tó di ipò rẹ̀ mú sì béèrè nọ́ńbà tó wà lórí kanẹ́ kó tó lè rí fáìlì. N kò ní nọ́ńbà. Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Ọjọ́ kejìlá ni dókítà dé, tó kọ lẹ́tà, tí ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ọjọ́ méjìlá náà. Wọ́n wá a ní ilé ìwòsàn, wọ́n wá a ní etí ọ̀sà, wọ́n fi fọ́tò tí a yọ nínú fọ́tò ìgbéyàwó han àwọn apẹja. A ránṣẹ́ sí Èjìgbò. Kò sí níbẹ̀. Ní ìjọ, wọ́n kéde pé Ìyá Ẹlẹ́rìí ti padà sílé lọ tọ́jú ẹbí rẹ̀, kí a máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Bàbá mi wà ní ìjókòó alàgbà nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀. Ó dìde, ó jáde, kò padà sí ìjọ náà mọ́ títí ó fi kú. Mo yìn ín fún ìyẹn. N kò yìn ín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, obìnrin kan láti ẹ̀ka Niangon dá àbúrò mi dúró lọ́jà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì sọ fún un pé ìyá wa dé ìpàdé ọjọ́ náà. Ó dé. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ ẹ̀rí rẹ̀, ó dìde, ó ní òun fẹ́ gba ẹ̀rí òun padà, pé ara òun kò yá, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun bẹ Olùṣọ́ kó dá oògùn òun padà. Obìnrin náà ní Ìyá Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ sí ìyá wa létí, ọ̀rọ̀ tí kò gùn, ìyá wa sì mú Bíbélì rẹ̀, ó jáde sínú òjò. Obìnrin náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní wọ́n ti búra pé àwọn kò rí i.

Mi ò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè kẹ́dùn pẹ̀lú mi. Mo kọ ọ́ nítorí àwọn tó lè dáhùn ṣì wà láàyè, wọ́n sì ṣì ń tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ ní gbogbo ìkórè. Olùṣọ́, ta ló fún yín láṣẹ láti ti ìwé aláìsàn mọ́lé nígbà tí wọ́n ń wá aláìsàn náà? Lẹ́yìn ìyá mi, ènìyàn mélòó ló ti gbé oògùn lélẹ̀ fún yín, níbo sì ni wọ́n wà? Ẹ̀yin obìnrin Niangon, ta ló kọ́ yín ní gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, ẹ sì jẹ́ mélòó tó sọ ọ́? Ìyá Ẹgbẹ́, mo ti wá sẹ́nu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ní ẹ ò sí nílé, mo sì ń gbọ́ ohùn yín nínú ilé. Mi ò béèrè owó, mi ò béèrè ẹ̀bẹ̀. Kí ni ẹ sọ fún un létí? Nígbà tó jáde, ọ̀nà wo ló yà sí, ọ̀nà ibùdókọ̀ tàbí ọ̀nà ọ̀sà, ta ló sì wà lójú fèrèsé tó ń wò ó? Ẹ dá mi lóhùn.